Zhuangzi: ọkùnrin náà, ìwé náà, àti ibi tí wọ́n ti ń gé ìtàn rẹ̀ kúrú

Ẹni tó bá wá orúkọ Zhuangzi, ọlọ́gbọ́n Ṣáínà àtijọ́ kan, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, labalábá ni yóò kọ́kọ́ pàdé. Ọkùnrin kan sùn, ó lá àlá pé òun ti di labalábá, ó ń fò káàkiri, inú rẹ̀ ń dùn, kò tilẹ̀ rántí pé ènìyàn lòun mọ́. Ó ta jí, ó bá ara rẹ̀ lórí ibùsùn. Kò wá mọ̀ bóyá òun ló lá àlá pé òun di labalábá ni, tàbí labalábá ló ń lá àlá lọ́wọ́ pé òun di ènìyàn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń dá ìtàn náà dúró. Wọ́n á ní ohun tí ọkùnrin ará Ṣáínà yìí ń wí ni pé ayé kì í ṣe òótọ́, pé àlá lásán ni gbogbo rẹ̀.

Ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ṣókí kan ṣì kù lẹ́yìn rẹ̀: dájúdájú, ìyàtọ̀ wà láàárín ọkùnrin náà àti labalábá, èyí sì ni à ń pè ní ìyípadà àwọn ohun gbogbo. Ẹni tó gbà pé ayé ò sí kò ní jókòó máa sọ pé nǹkan méjì yàtọ̀ síra. Ohun tó ń sọ ni pé ohun kan lè di òmíràn, pé nígbà tó wà ní ipò labalábá, ayé labalábá pé pérépéré fún un, nígbà tó sì padà di ènìyàn, ti ènìyàn náà pé.

Mo fẹ́ràn ìwé tí ìtàn yìí ti wá, ó sì máa ń dùn mí tí wọ́n bá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìwúrí tí wọ́n ń kọ sára fọ́tò. Nǹkan méjì ló ń da àwọn ènìyàn rú nípa rẹ̀. Wọn kì í ya ọkùnrin náà sọ́tọ̀ kúrò lára ìwé náà. Èkejì ló burú jù lójú tèmi: wọ́n máa ń gé àwọn ìtàn inú rẹ̀ kí wọ́n tó débi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ọkùnrin náà la ó kọ́kọ́ mú. Zhuang Zhou ni orúkọ rẹ̀. Zhuang ni orúkọ ìdílé, Zhou ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Zhuangzi túmọ̀ sí Ọ̀gá Zhuang, bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún olùkọ́ nígbà náà. Nínú àwọn ìwé àtijọ́ tí àwọn Òyìnbó kọ, ẹ lè rí i ní Chuang Tzu. Ẹnì kan náà ni. Ìwé tí wọ́n ní ó kọ, Zhuangzi náà ni wọ́n ń pè é. Nítorí náà, bí mo bá ní Zhuang Zhou níbí, ọkùnrin náà ni mò ń wí. Bí mo bá ní Zhuangzi, ìwé ni.

Ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀ kò pọ̀. Sima Qian, òpìtàn ní ààfin Han, ìran ọba tó jẹ ní Ṣáínà lẹ́yìn ìgbà náà, kọ ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ sínú ìwé ìtàn ńlá rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 100 ṣáájú ìbí Jésù, ìyẹn bí 200 ọdún lẹ́yìn ikú Zhuang Zhou. Ó ní ará Meng ni, ibẹ̀ sì wà lábẹ́ ilẹ̀ Song, ìjọba kékeré kan tó wà níbi tí ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Henan wà lónìí. Ó ní ó ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba rí, òṣìṣẹ́ kékeré, ní Qiyuan, orúkọ tó ń tọ́ka sí ọgbà igi kan tí wọ́n ń gba oje rẹ̀ láti fi kun àwo àti àpótí kí ó máa dán. Àwọn onímọ̀ sábà máa ń fi ìgbésí ayé rẹ̀ sáàárín nǹkan bí ọdún 369 sí 286 ṣáájú ìbí Jésù. Ìgbà ogun ni. Ilẹ̀ tí à ń pè ní Ṣáínà lónìí kò tíì di ọ̀kan. Ìjọba méje tó lágbára ń bá ara wọn jà, wọ́n sì ń gbé àwọn kéékèèké mì. Song gan-an, ilẹ̀ tirẹ̀, bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Qi ní ọdún 286. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, àwọn ọlọ́gbọ́n a máa ti ààfin kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ń wá ọba tí yóò gba ìmọ̀ràn wọn tí yóò sì fi wọ́n joyè.

Zhuang Zhou kò fẹ́ oyè. Nínú orí 17 ìwé náà, ó jókòó létí odò Pu, ó ń dẹ ìwọ̀. Ọba ilẹ̀ Chu rán ìjòyè méjì sí i pé kí ó wá bá òun ṣàkóso ìlú. Kò gbé ìwọ̀ sílẹ̀, kò wẹ̀yìn. Ó ní òun gbọ́ pé ìjàpá mímọ́ kan wà ní Chu tó ti kú láti 3,000 ọdún sẹ́yìn, tí ọba fi aṣọ wé, tó gbé sínú àpótí, tó tọ́jú sí ilé àwọn baba ńlá rẹ̀. Ó ní, “Èwo ni ìjàpá yẹn ìbá yàn: kí ó kú kí wọ́n máa júbà egungun rẹ̀, àbí kí ó wà láàyè kí ó máa wọ́ ìrù rẹ̀ nínú ẹrẹ̀?” Àwọn ìjòyè ní yóò yan ààyè nínú ẹrẹ̀ ni. Ó ní, “Ẹ máa lọ. Èmi náà yóò máa wọ́ ìrù mi nínú ẹrẹ̀.”

Ẹ wá wo Sima Qian. Òun náà sọ pé ọba Chu, Ọba Wei, ránṣẹ́ pe Zhuang Zhou, ó sì kọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìjàpá níbẹ̀. Màlúù ìrúbọ ló fi dáhùn: wọ́n fi oúnjẹ aládùn bọ́ ọ fún ọdún bíi mélòó kan, wọ́n fi aṣọ olówó iyebíye bò ó, ọjọ́ tí wọ́n ń fà á lọ sí ilé ìrúbọ ló wá ń wù ú kí òun jẹ́ ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ lásán, ó ti pẹ́ jù. Irú ìdáhùn màlúù yìí náà wà ní orí 32 ìwé Zhuangzi. Ìkésíni kan, ìdáhùn méjì, ẹranko méjì. Èyí nìkan tó láti fi yé wa pé kì í ṣe àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ ni à ń kà. Ìtàn ni wọ́n ń pa nípa ọkùnrin kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé kò fẹ́ ààfin, oníkálukú sì ń pa á bó ṣe mọ̀ ọ́n pa.

Ẹ̀yin tó ń béèrè pé ta ló kọ ìwé náà gan-an, ọwọ́ tó kọ ọ́ pọ̀. Àkọsílẹ̀ àwọn ìwé inú ilé ìkówèésí ọba Han sọ pé orí 52 ni Zhuangzi ní nígbà náà. Èyí tó wà lọ́wọ́ wa lónìí ní orí 33. Ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Guo Xiang, tó kú ní ọdún 312 lẹ́yìn ìbí Jésù, ló tò ó báyìí: ó yọ ohun tó kà sí àbùmọ́ kúrò, ó sì kọ àlàyé tirẹ̀ sí etí ìyókù. Kò sí ẹni tó ka Zhuangzi lónìí tí kì í ṣe inú ìwé tí Guo Xiang tò ló ti kà á. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín in sí. Orí 7 àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní orí inú, 15 tó tẹ̀ lé e ni orí òde, 11 ìgbẹ̀yìn sì ni orí àdàlù.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé orí 7 àkọ́kọ́ ló súnmọ́ ọwọ́ Zhuang Zhou fúnra rẹ̀ jù lọ. Ohùn kan náà ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ohùn tó le, tó ń dápàárá, tó sì ń yára fò láti ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀. Ìyókù, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ àti àwọn tó wá lẹ́yìn wọn ló kọ ọ́, bí agbo ilé tí baba kọ́ ilé àkọ́kọ́ sí, tí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wá ń fi yàrá kún un, tí gbogbo rẹ̀ ṣì ń jẹ́ orúkọ baba. Kò yẹ kí ẹ̀rí rẹ̀ ṣòro rí. Orí 32 sọ bí Zhuang Zhou ṣe wà lójú ikú. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́ fi ẹ̀yẹ ńlá sin ín, ó ní kí wọ́n gbé òun sílẹ̀ gbalaja, ọ̀run àti ayé tó pósí fún òun. Wọ́n ní ẹ̀rù ń ba àwọn kí kannakánná àti àṣá má jẹ òkú olùkọ́ àwọn. Ó ní lókè, kannakánná àti àṣá ni yóò jẹ òun. Nísàlẹ̀, èèrà ni. Kí ló dé tí wọ́n fẹ́ gba ti ẹnu àwọn kan fún àwọn kejì? Kò lè jẹ́ pé òkú ló kọ ìyẹn. Orí 33 tilẹ̀ ń ṣàyẹ̀wò àwọn ọlọ́gbọ́n ayé ìgbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, Zhuang Zhou sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ń yẹ̀ wò. Iyè méjì yìí kì í ṣe tuntun. Su Shi, akéwì ńlá ìgbà ìran ọba Song (kì í ṣe ilẹ̀ Song àtijọ́ yẹn) tó gbé ayé láàárín 1037 sí 1101 lẹ́yìn ìbí Jésù, ti sọ pé orí mẹ́rin, láti 28 dé 31, kì í ṣe ti Zhuang Zhou.

Ohun mìíràn tó ń ṣi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà á lọ́nà ni Confucius, olùkọ́ tó lókìkí ní Ṣáínà àtijọ́. Ó pọ̀ nínú ìwé náà. Níbì kan, òpè ni, àwọn ènìyàn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Níbòmíràn, òun ló ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ jù, ẹ̀kọ́ tó jẹ́ ti Zhuang Zhou pátápátá. Confucius ti kú ní ọdún 479 ṣáájú ìbí Jésù, ó lé ní 100 ọdún kí wọ́n tó bí Zhuang Zhou. Ìwé náà kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́: orí 27 sọ gbangba pé mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sẹ́nu ẹlòmíràn. Ó sọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú: baba kì í ṣe alárinà fún ọmọ ara rẹ̀, nítorí ìyìn ẹni tí kì í ṣe baba ló máa ń wọ àwọn ènìyàn létí. Ẹni tó bá ti ka ibẹ̀ kò ní máa bínú pé wọ́n parọ́ mọ́ Confucius.

Kí wá ni wọ́n ń fi gbogbo ìtàn wọ̀nyí sọ? Orí 2, tó le jù nínú ìwé náà, béèrè ìbéèrè kan tó rọrùn létí. Ènìyàn tó bá sùn sínú ọ̀rinrin, ẹ̀yìn á máa dùn ún. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí fún ẹja inú ẹrẹ̀? Ènìyàn tó bá wà lórí igi, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí fún ọ̀bọ? Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ló mọ ibi tó tọ́ láti gbé? Gbogbo ènìyàn ń pe Lady Li àti Mao Qiang ní arẹwà, bí ẹja bá sì rí wọn, yóò rì sí ìsàlẹ̀ omi, ẹyẹ yóò fò lọ. Kò sọ pé kò sí òótọ́. Ó ní oníkálukú ń ti ibi tó dúró sí wo ayé, wàhálà a sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹnì kan bá sọ pé ibi tí òun dúró sí nìkan ni ibi ìwòye. Nígbà tó ń sọ èyí, ìjọba méje ń pa ara wọn, oníkálukú ń pe tirẹ̀ ní ọ̀nà tó tọ́.

Nítorí pé ẹ̀kọ́ náà rí báyìí, òpin ìtàn ṣe pàtàkì gidigidi. Ibẹ̀ ni ó ti máa ń yí ibi tí a dúró sí padà. Ẹ jẹ́ ká wo Ding alásè, orí 3. Ding ń kun màlúù níwájú Ọlọ́lá Wenhui. Ọwọ́ kan ibí, èjìká tẹ ọ̀hún, ẹsẹ̀ dúró, orúnkún tì, ọ̀bẹ ń dún ṣàṣà lórí ìlù, bí ẹni ń jó. Ọlọ́lá ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ga o. Ding gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, màlúù odindi lòun ń rí. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, òun kò rí màlúù odindi mọ́. Ó ní alásè tó dára ń pààrọ̀ ọ̀bẹ lọ́dọọdún torí pé gígé ló ń gé. Èyí tí kò dára ń pààrọ̀ tirẹ̀ lóṣooṣù torí pé ṣíṣá ló ń ṣá. Ọ̀bẹ tòun ti lo ọdún 19, ó ti kun ẹgbẹẹgbẹ̀rún màlúù, ẹnu rẹ̀ ṣì dà bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára òkúta ìpọ́nbẹ. Àlàfo wà láàárín oríkèé, ẹnu ọ̀bẹ kò sì nípọn. Ohun tí kò nípọn wọ ibi tó ní àlàfo, àyè wà dáadáa fún un.

Ibẹ̀ ni àwọn tó ń kọ́ni ní bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ láìlàágùn ti máa ń gé ìtàn náà. Wọ́n á ní Zhuang Zhou ń sọ pé kí a jẹ́ kí nǹkan máa ṣàn fúnra rẹ̀, ẹni tó mọṣẹ́ kì í làkàkà. Ding kò tíì sọ̀rọ̀ tán. Ó ní, síbẹ̀, ìgbàkígbà tí òun bá dé ibi tó takókó, òun á rí i pé ó le, ẹ̀rù á bà òun, òun á kíyè sára, òun á tẹjú mọ́ ọn, ọwọ́ òun á fà. Òun á mi ọ̀bẹ díẹ̀, díẹ̀ báyìí, títí ẹran náà á fi tú gbàrà bí erùpẹ̀ tó ya lulẹ̀. Ọdún 19 lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rù ṣì ń bà á ní ibi tó le. Ìyẹn ni ọ̀bẹ rẹ̀ kò ṣe kú. Lẹ́yìn náà ni yóò dúró, tí yóò wo ọ̀tún wo òsì, inú rẹ̀ yóò dùn, yóò nu ọ̀bẹ, yóò sì fi pamọ́.

Ohun kan náà ni wọ́n ṣe sí ìtàn ikú ìyàwó rẹ̀ ní orí 18. Hui Shi, ọ̀rẹ́ rẹ̀, wá kí i kú ọ̀fọ̀, ó bá a tó ya ẹsẹ̀ sílẹ̀, tó ń lu àwo bí ìlù, tó ń kọrin. Hui Shi bínú. Ó ní, “Obìnrin tó bá ẹ gbé, tó bá ẹ tọ́ ọmọ, tó dàgbà lọ́wọ́ ẹ! Kó o má sunkún ti burú tó, o tún ń lù, o ń kọrin?” Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń pè é ní aláìláàánú. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu Zhuang Zhou ni pé rárá, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, báwo ni kò ṣe ní dun òun bí ti gbogbo ènìyàn? Ìgbà tó wá ronú padà sẹ́yìn, sí ìgbà tí ìyàwó náà kò tíì ní ẹ̀mí, tí kò tíì ní ara, ló rí i pé ó wá, ó sì lọ, bí ìgbà òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń gbapò lọ́wọ́ ara wọn. Ó ní òun wá dákẹ́ ẹkún. Ẹni tó sunkún tán ló ń kọrin yẹn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni orí 20. Àwọn tó mọ Zhuangzi lórí ahọ́n á sọ fún yín pé ó ń yin àìwúlò: igi tó wọ́, tí kò ṣe é fi kọ́lé, ni ó ń pẹ́ láyé, torí agégi kì í yà sídìí rẹ̀. Òótọ́ ni, ìtàn igi náà wà. Nínú orí 20, Zhuang Zhou rí irú igi bẹ́ẹ̀ lórí òkè, ó sọ̀rọ̀ náà fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n yà sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Inú ọ̀rẹ́ náà dùn, ó ní kí ọmọ ọ̀dọ̀ òun pa ẹyẹ ọ̀sìn kan tó jọ pẹ́pẹ́yẹ ṣùgbọ́n tó tóbi jù ú lọ. Ọmọ náà ní, “Ọ̀kan ń ké, ìkejì kì í ké. Èwo ni kí n pa?” Baálé ilé ní kí ó pa èyí tí kì í ké. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ ẹ̀yìn béèrè: igi àná, àìwúlò rẹ̀ ló gbà á là, ẹyẹ alẹ́ àná, àìwúlò rẹ̀ ló pa á, olùkọ́, ibo ni ẹ̀yin máa dúró sí? Zhuang Zhou rẹ́rìn-ín. Ó ní bóyá òun á dúró sí àárín ìwúlò àti àìwúlò. Kò tíì pa ẹnu dé tó fi sọ pé àárín náà jọ pé ó tọ́ ni, kò tọ́, kò lè yọ ènìyàn nínú wàhálà. Ẹni tó bá fẹ́ yọ kò ní dúró sójú kan: yóò jẹ́ dírágónì lónìí, yóò jẹ́ ejò lọ́la, yóò máa bá ìgbà yí. Ẹ rí i pé ìwé náà fúnra rẹ̀ ló dìde sí ẹ̀kọ́ tí gbogbo ayé ń pè ní ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Hui Shi tó wá kí i kú ọ̀fọ̀ yẹn jẹ́ ọ̀rẹ́ àti alátakò rẹ̀. Ìjòyè ńlá ni ní ilẹ̀ Wei, ọ̀gá ni nínú iyàn jíjà. Orí 33 ní ìwé rẹ̀ kún ọkọ̀ ẹrù márùn-ún. Àwọn méjèèjì ń rìn lórí afárá odò Hao lọ́jọ́ kan. Zhuang Zhou ní, “Wo bí àwọn ẹja yẹn ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ bó ṣe wù wọ́n. Ìgbádùn ẹja nìyẹn.” Hui Shi ní, “Ìwọ kì í ṣe ẹja, níbo lo ti mọ ìgbádùn ẹja?” “Ìwọ kì í ṣe èmi, níbo lo ti mọ̀ pé n kò mọ ìgbádùn ẹja?” “Lóòótọ́ n kì í ṣe ìwọ, n kò sì lè mọ tìrẹ. Ìwọ náà kì í ṣe ẹja. Ọ̀rọ̀ ti parí, o ò mọ̀ ọ́n.” Àwọn kan á dúró síbẹ̀, wọ́n á ní Hui Shi borí. Zhuang Zhou ní kí àwọn padà síbi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀: “O bi mí pé níbo ni mo ti mọ̀ ọ́n. O ti mọ̀ pé mo mọ̀ kó o tó bi mí. Ibí yìí ni mo ti mọ̀ ọ́n, lórí odò Hao.”

Hui Shi ló kọ́kọ́ kú. Nínú orí 24, Zhuang Zhou ń kọjá lẹ́bàá sàréè rẹ̀, ó yíjú sí àwọn tó ń bá a rìn, ó pa ìtàn kan. Ó ní ẹfun ta sí ọkùnrin ará Ying kan nímú, ó fẹ́lẹ́ bí ìyẹ́ eṣinṣin. Ó ní kí gbẹ́nàgbẹ́nà Shi bá òun gé e kúrò. Shi fi àáké, afẹ́fẹ́ ń tẹ̀ lé e, ó gé ẹfun náà kúrò, imú kò gbọgbẹ́, ọkùnrin náà kò sì mira. Olórí ilẹ̀ Song gbọ́, ó ní kí Shi wá ṣe é kí òun rí i. Shi ní òun lè ṣe é nígbà kan rí, ṣùgbọ́n ẹni tí òun ń ṣe é sí lára ti kú tipẹ́. Zhuang Zhou wá ní láti ìgbà tí ọ̀gá yìí ti lọ, òun náà kò ní ẹni tí òun lè bá sọ̀rọ̀ mọ́. Ọkùnrin tí wọ́n pè ní aláìláàánú nìyẹn. N kò mọ ọ̀fọ̀ tó jinlẹ̀ ju èyí lọ nínú gbogbo ìwé ìgbà yẹn tí mo ti kà.

Ọ̀rọ̀ Dao ló kù, ìyẹn ẹ̀kọ́ tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí Ọ̀nà. Zhuang Zhou kò pe ara rẹ̀ ní ọmọ ẹgbẹ́ Dao rí. Sima Tan, baba Sima Qian, tó kú ní ọdún 110 ṣáájú ìbí Jésù, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kó àwọn ọlọ́gbọ́n àtijọ́ sí abẹ́ orúkọ yẹn. Pípè tí à ń pe Laozi, ọlọ́gbọ́n mìíràn tí wọ́n kà mọ́ ẹ̀kọ́ Dao, àti Zhuang Zhou pọ̀ bí ẹni pé olùkọ́ àti ọmọ ẹ̀yìn ni wọ́n, àwọn ìran tó wá lẹ́yìn ló so wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé tí wọ́n ní Laozi kọ kúrú, ó ń bá olórí ìlú sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń ṣàkóso. Zhuangzi gùn, ó kún fún arọ, alásè, gbẹ́nàgbẹ́nà àti ọlọ́ṣà, ọ̀rọ̀ ìṣàkóso kì í sì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ nínú àwọn orí inú. Ẹ̀sìn Dao tó ní àlùfáà àti tẹ́ńpìlì, ọgọ́rùn-ún ọdún kejì lẹ́yìn ìbí Jésù ló bẹ̀rẹ̀ sí í fìdí múlẹ̀, ìyẹn ó lé ní 400 ọdún lẹ́yìn Zhuang Zhou. Ẹ̀sìn náà gbà á mọ́ra nígbà tó yá. Ní ọdún 742, Ọba Xuanzong ìran Tang fún un ní oyè Ẹni Òtítọ́ ti Nanhua, ó sì sọ ìwé rẹ̀ di ìwé mímọ́ ti Nanhua. Bí ẹ bá rí orúkọ Nanhua níbì kan, Zhuangzi kan náà ni.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, kí ó má ṣe ti orí 1 wọlé bí kò bá ní sùúrù fún ẹja tó di ẹyẹ tí ìyẹ́ apá rẹ̀ bo ojú ọ̀run. Orí 3 kò gùn, Ding wà níbẹ̀. Kí ó fò sí orí 17 àti 18, ìtàn ibẹ̀ yé ọmọdé. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ó padà wá bá orí 2, kí ó sì kà á lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn tó bá ti parí rẹ̀, torí kò sí ẹni tí ó ń yé nígbà àkọ́kọ́.